Òǹkọ̀wé kan fẹ́ kí n ya ìwé ọmọdé olójú-ewé 32: èló ni kí n pè é, kí sì ni kí n kọ sínú àdéhùn?

Pẹ́ńsùlùDúdú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán yíyà jẹun. Iṣẹ́ kan ló wọlé, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ ara mi ba owó ara mi jẹ́.

Ìwé ọmọdé ni. Ojú-ewé 32, ínǹṣì 8.5 ní ìbú, 8.5 ní gíga, aláwọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọmọ wa ni òǹkọ̀wé náà, Amẹ́ríkà ló ń gbé. Ó fẹ́ tẹ díẹ̀ ní Ṣómólú fún àwọn ilé-ìwé níbí, kó sì gbé e sórí KDP ti Amazon (ibi tí òǹkọ̀wé ti ń tẹ ìwé jáde fúnra rẹ̀) fún àwọn òbí tó wà lókè òkun. Ohun tó fi lọ̀ mí ni ₦5,000 lórí àwòrán kan, àwòrán 32, ìyẹn ₦160,000. Ó ní òun á san án tí mo bá parí gbogbo ẹ̀. Ó tún ní gbogbo ẹ̀tọ́ jẹ́ tòun, àmọ́ orúkọ mi á wà lára ìwé.

Ṣé owó yìí dáa? Kí ló yẹ kó wà nínú àdéhùn? Irú fáìlì wo ni kí n fún un? Báwo sì ni owó á ṣe dé ọwọ́ mi? Tábúlẹ́ẹ̀tì Android àti lapitọ́ọ̀bù alágbára RAM 8 GB ni mo ń lò.

AyàwòránÌlú dáhùn:

Ẹ kọ́kọ́ yọ "àwòrán 32" kúrò lọ́kàn. Ìwé olójú-ewé 32 kì í ní àwòrán 32. Ojú-ewé 1 sábà máa ń jẹ́ àkọlé kékeré. Ojú-ewé 2 àti 3 jẹ́ ti kọpíráìtì àti àkọlé gan-an. Láti 4 dé 31 jẹ́ spread 14, ìyẹn ojú-ewé méjì-méjì tó kọjú síra wọn. Ojú-ewé 32 dá dúró. Èèpo ẹ̀yìn ìwé tún wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń ka owó lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan á sanwó kan náà fún ewé kan tí ẹ fi sí igun àti fún gbogbo ọjà Ọ̀jẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ìyẹn ò ṣeé gbà.

Wákàtí ni kí ẹ kà. Fún ìwé tó tóbi báyìí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá níwọ̀nba lè ṣírò rẹ̀ báyìí: àwòrán kéékèèké tí ẹ fi ń pín ìtàn sójú ewé, wákàtí 10. Yíya àwọn ẹ̀dá-ìtàn láti iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, 12. Sketch (àwòrán àkọ́kọ́ tí a kò tíì kùn) spread 14 ní wákàtí 3-3, 42. Kíkùn wọn ní wákàtí 8-8, 112. Iṣẹ́ kéékèèké mẹ́ta (àkọlé méjèèjì àti ojú-ewé 32) ní wákàtí 4-4, 12. Èèpo ẹ̀yìn, 14. Àtúnṣe, 20. Títo fáìlì àti ìjíròrò lórí WhatsApp àti email, 20. Wákàtí 242 nìyẹn. Ẹ wá pín ₦160,000 sí i: nǹkan bíi ₦661 ni wákàtí kan. Epo jẹnẹrétọ̀ nìkan á ti gbé e mì.

Láti mọ iye wákàtí tiyín, ẹ ro gbogbo ìnáwó oṣù kan pọ̀: ilé, oúnjẹ, dátà, iná, àti owó tí ẹ máa fi ra ẹ̀rọ míì. Owó ẹ̀rọ yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tábúlẹ́ẹ̀tì ₦480,000 tó máa lo ọdún 4 ń ná yín ní ₦10,000 lóṣù, ẹ rí i ẹ ò rí i. Ká ní àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦300,000. Wákàtí 40 ni ènìyàn lè fi jókòó lọ́sẹ̀, àmọ́ èyí tí oníbàárà máa sanwó rẹ̀ kì í sábà ju 25 lọ, nítorí wíwá iṣẹ́, iná tó lọ àti kíkọ ìwé owó wà níbẹ̀. Ẹ fi wákàtí 100 (25 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin) pín in: ₦3,000. Ìlọ́po 242 jẹ́ ₦726,000. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún ohun tí ẹ ò rò tẹ́lẹ̀. Tiyín lè kéré sí i tàbí kó jù ú lọ, ọ̀nà ìṣírò náà ni kí ẹ dì mú.

Bó bá ní owó òun ò tó, ẹ má gé owó láìgé iṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé spread 6 péré ló máa kún bámúbámú. 8 tó kù á jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn lórí ojú funfun, tí kò ní ilé, kò ní igi lẹ́yìn. Kíkùn irú ìyẹn lè má ju wákàtí 3 lọ. Ìyẹn á yọ wákàtí 40 kúrò, ìwé náà ò sì ní burú, nítorí ojú funfun máa ń jẹ́ kí ọmọdé rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lè dín iye ẹ̀dá-ìtàn kù pẹ̀lú. Ìtàn tó ní ọmọ 11 nínú kíláàsì kan, tí gbogbo wọn ń hàn ní ojú-ewé 10, ìyẹn ni iṣẹ́ tó ń pani.

Àdéhùn_Kọ_Sílẹ̀ dáhùn:

Ti iye owó ti yanjú, ó ku ti ẹ̀tọ́, ìyẹn kọpíráìtì. Nípa òfin Nàìjíríà, Copyright Act 2022, ẹ̀tọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nípa ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ẹ̀tọ́ náà sì gùn: gbogbo ọjọ́ ayé yín, àti ọdún 70 lẹ́yìn ikú. Ohun tó ń béèrè pé "jẹ́ tòun" nìyẹn, fún ₦160,000.

Ìwé nìkan ló fẹ́ ṣe. Ẹ fún un ní ìyọ̀ǹda fún ìwé. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

*"Kọpíráìtì àwọn àwòrán wọ̀nyí wà lọ́wọ́ ayàwòrán. Ayàwòrán yọ̀ǹda fún òǹkọ̀wé nìkan láti lò wọ́n nínú ìwé tí a dárúkọ lókè yìí, ní títẹ̀ sórí bébà àti lórí ẹ̀rọ, ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, níbi gbogbo láyé, fún ọdún 7, àti láti fi wọ́n polówó ìwé náà. Aṣọ, káàdì, ohun ìṣeré, eré kátúùnù àti ohun mìíràn tí a kò dárúkọ níhìn-ín kò sí nínú ìyọ̀ǹda yìí. Ìyọ̀ǹda bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí owó bá pé."*

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lágbára ju gbogbo ìyókù lọ. Bí owó ò bá pé, kò láṣẹ láti tẹ ẹyọ kan.

Tó bá tẹnu mọ́ ọn pé òun fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pátápátá, kì í ṣe èèwọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ yàtọ̀. Èmi ò lè gbani nímọ̀ràn láti tà á lábẹ́ ìlọ́po méjì owó iṣẹ́. Ẹ sì ṣọ́ gbólóhùn "work made for hire" tó bá fi àdéhùn ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Lójú òfin tiwọn lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fọwọ́ sí ìyẹn fún irú iṣẹ́ yìí ti gbà pé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún òun ni olówó àwòrán látìgbà tí wọ́n ti yà á. Ẹ ní kó yọ ọ́.

Bí owó á ṣe máa wọlé: ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó fa ìlà kan, ìdá 30 nígbà tó bá fọwọ́ sí sketch, ìdá 30 kí fáìlì ńlá tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kó tó sanwó ìkẹyìn, àwòrán fífẹ̀ pixel 1000 pẹ̀lú orúkọ yín láàárín ni kó máa rí. Owó lẹ́yìn iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta? Àwìn nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Àtúnṣe ọ̀fẹ́ méjì lórí sketch, ọ̀kan lórí àwọ̀. Ohun tó bá yí padà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i, owó wákàtí. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé ó ní ọjọ́ 7 láti fèsì lórí ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́, àti pé gbogbo ọjọ́ tó bá lé sí i, ọjọ́ ìparí iṣẹ́ náà á lé bẹ́ẹ̀. Tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, ohun tó ti san kò ní padà, àwòrán sì jẹ́ tiyín.

Àwọn oníbàárà kan á ní "Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín, mo fọkàn tán yín." Ẹ bá mi na ọmọ mi, kò dénú ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kó kọ ọjọ́ orí ọmọ inú ìtàn, irun rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ìlú tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ àti àsìkò, kí ẹ tó gba owó àkọ́kọ́.

Pẹ́ńsùlùDúdú:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó gbà láti san díẹ̀ ṣáájú, àmọ́ ó ní òun ò ní tó iye yẹn. Pé kí n gba ₦250,000, kí n sì máa gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún èrè tí Amazon bá san. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?

Àdéhùn_Kọ_Sílẹ̀ dáhùn:

Orí bébà nìkan ló ti dáa. Akáǹtì ẹnì kan ṣoṣo ni KDP ń sanwó ìwé kan sí, tirẹ̀. Ẹ̀yin ò ní rí iye ẹ̀dà tó tà àfi tó bá fi hàn yín. Amazon á kọ́kọ́ yọ owó títẹ̀ kúrò lórí ìdá tó jẹ́ ti òǹkọ̀wé, owó títẹ̀ ìwé aláwọ̀ sì wọ́n, nítorí náà ohun tó ń ṣẹ́kù lórí ẹ̀dà kan kéré. Ìdá 20 nínú kékeré yẹn ni wọ́n ń fi lọ̀ yín.

Ẹ lè gbà á bí ẹ̀bùn lórí owó tó tó, kì í ṣe dípò owó. Tí ẹ bá gbà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, á fi ìwé ìṣirò tó wà lórí KDP gan-an ránṣẹ́, kì í ṣe àròsọ, àti pé ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣómólú wà nínú ìṣirò náà. Ní ti ₦250,000 yẹn, ẹ padà sí ìmọ̀ràn AyàwòránÌlú: ẹ gé iṣẹ́ kó bá owó mu. Ojú-ewé 24 náà ṣeé ṣe. Iye tó kéré jù tí KDP ń gbà fún ìwé olẹ́yìn rírọ̀ nìyẹn.

Òǹtẹ̀wéṢómólú dáhùn:

Ẹ jẹ́ ká sọ ti fáìlì, torí ibẹ̀ ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgébébà ò mọ ibi tí àwòrán yín parí sí. Àwòrán gbọ́dọ̀ kọjá etí ìwé ní ínǹṣì 0.125 lókè, nísàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ òde. Ìyẹn ni bleed. Ojú-ewé 8.5 × 8.5 wá di 8.625 × 8.75. Ẹ ya spread kan pọ̀ ní 17.25 × 8.75 ínǹṣì, pixel 300 sí ínǹṣì kan. Ẹ ṣí bébà náà ní pixel 5176 × 2626, kí ààbọ̀ rẹ̀ má bàa já sí ìdajì pixel. KDP ò gba spread lódindi. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan lẹ máa gé e sí nínú PDF.

Ẹ má fi ojú ènìyàn sí àárín spread. KDP máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé ni, àárín rẹ̀ kì í ṣí tán, imú ọmọ yẹn á wọnú kòtò. Tiwa níbí, ìwé olójú-ewé 32, pínnì la máa ń fi dè é, ó sì ń ṣí pẹrẹsẹ. Nítorí pé ìwé kan náà máa lọ síbi méjèèjì, ẹ ya á fún èyí tó burú jù. Ọ̀rọ̀ àti ojú ẹ̀dá-ìtàn kó jìnnà sí etí gbogbo ní ínǹṣì 0.5.

Èèpo ẹ̀yìn náà yàtọ̀ síra. Fún KDP, bébà aláwọ̀ tó dáa jù, ojú-ewé kan nípọn ínǹṣì 0.002347, ìlọ́po 32 jẹ́ nǹkan bíi 0.075. Fífẹ̀ gbogbo èèpo náà wá jẹ́ 0.125 + 8.5 + 0.075 + 8.5 + 0.125, ìyẹn 17.325 ínǹṣì, gíga 8.75. Ẹ má kọ nǹkankan sí ọ̀pá-ẹ̀yìn ìwé, wọn ò ní gbà á fún ìwé tó tínrín báyìí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún apá ẹ̀yìn èèpo náà, kì í ṣe apá iwájú, fún bákóòdù, ínǹṣì 2 × 1.2. Tiwa olópínnì kò ní ọ̀pá-ẹ̀yìn rárá, nítorí náà fáìlì èèpo méjì ni.

Àwọ̀ wá ńkọ́. Iná ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni àwa fi ń ṣe é. Àwọ̀ ewé títàn àti àwọ̀ búlúù títàn á ṣókùnkùn. Ẹ pa ojúlówó fáìlì mọ́ ní RGB (àwọ̀ oníná), ẹ yọ ẹ̀dà CMYK fún wa, ìyẹn yíǹkì mẹ́rin yẹn: C ni cyan (búlúù), M ni magenta (pupa), Y ni yellow (ìyeyè), K ni dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ ti wò ó ní CMYK láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ parí lẹ máa rí i. Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣe CMYK.

Ẹni tó bá ya àdìrẹ kó fetí sílẹ̀. Búlúù ẹlú tí cyan rẹ̀ jẹ́ 100, tí magenta náà jẹ́ 100, á jáde ní àwọ̀ àlùkò. Ẹ jẹ́ kí magenta fi 30 ó kéré tán rẹlẹ̀ sí cyan. C100 M65 Y10 K30 á fún yín ní ẹlú tí ìyá aláró á dá mọ̀. Ara dúdú náà ní ọgbọ́n tiẹ̀: wọ́n máa ń da yíǹkì dúdú lé e kó lè dúdú, ó wá ń jáde bí ẹrẹ̀, a ò ní rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ fi magenta àti yellow gbé e dìde, kí K kéré. Ibi òjìji nìkan ni kó ti pọ̀ díẹ̀. Àpapọ̀ yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú kan kó má kọjá 300 lórí bébà dídán, kó sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 240 lórí bébà tí kò dán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yíǹkì ò ní tètè gbẹ, ojú-ewé á sì máa tẹ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kíkọ ní K100 nìkan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi yíǹkì mẹ́rin tẹ̀ á ní òjìji pupa tàbí búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwo títẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ péré, á sì máa yẹ̀.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ mọ́ inú àwòrán o. Ẹ jẹ́ kó dá wà. Yorùbá ni ìwé yìí, lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo tó dúró fún wọn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tàbí ọ ni, wọ́n á wá gbé àmì ohùn lé e. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó gbé àpótí òfìfo jáde. Fọ́ǹtì Andika ṣe é dáadáa, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Charis SIL náà dáa. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá kan wo PDF ìkẹyìn, kì í ṣe Word nìkan, torí ibi tí wọ́n ti ń gbé e láti Word bọ́ sínú ìwé ni àmì ti ń já bọ́.

Kẹ́ ẹ tó ní ká tẹ ẹgbẹ̀rún, ẹ ní ká tẹ spread kan lórí bébà tí ẹ máa lò gan-an. Gíráàmù 135 fún inú, 250 tàbí 300 fún èèpo, ó tó. Ẹ wò ó níta lójú oòrùn, ẹ má wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù wa.

OwóTóDé dáhùn:

Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dáhùn bí owó á ṣe dé ọwọ́ yín. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ méjì: Payoneer (ilé-iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń báni gba owó láti òkè òkun), tàbí akáǹtì dọ́là ní báńkì yín níbí. Bó bá jẹ́ láti báńkì sí báńkì, ẹ sọ fún un kó yan "OUR" níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó máa san owó ìfiránṣẹ́. Tó bá yan "SHA", àwọn báńkì tó wà láàárín á máa já nínú rẹ̀, ẹ̀yin á sì máa bá a jà pé owó ò pé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé owó pé iye tó dé ọwọ́ yín ni iye tó san. Kí owó náà wà ní dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú, torí oṣù mẹ́ta lè yí náírà padà.

Ti owó-orí Amẹ́ríkà: bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló gbé iṣẹ́ fún yín, wọ́n lè ní kí ẹ kún fọ́ọ̀mù W-8BEN, tó ń fi hàn pé ẹ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Ẹ kún un, kò sí ewu níbẹ̀. Owó iṣẹ́ tí ẹ jókòó sí Nàìjíríà ṣe kì í ṣe owó tó ti Amẹ́ríkà wá lójú òfin wọn, wọn ò yẹ kí wọ́n yọ nǹkankan. Àmọ́ owó èrè lórí títà ìwé níbẹ̀ yàtọ̀: ìdá 30 ni wọ́n ń yọ, nítorí kò sí àdéhùn owó-orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà. Ìdí mìíràn tí ìdá 20 yẹn fi fúyẹ́ sí i nìyẹn.

Oníjìbìtì pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Èyí tó ṣì ń ràn: "oníbàárà" fi ṣẹ́ẹ̀kì tó ju owó yín lọ ránṣẹ́, ó ní kí ẹ bá òun fi ìyókù ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé. Ṣẹ́ẹ̀kì náà á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ò ní padà. Ti ilé ńbí, alẹ́ẹ̀tì ayédèrú: ẹ wo iye tó wà nínú akáǹtì fúnra yín, ẹ má gba atẹ̀jíṣẹ́ gbọ́.

Pẹ́ńsùlùDúdú:

Ẹnu mi ò gbà á tán. Ìbéèrè kan ló kù: tábúlẹ́ẹ̀tì mi gbé pixel 5176 × 2626, àmọ́ ó ń kú lójijì tí layer (ìpele àwòrán tí a ń tò léra) bá ti pọ̀.

AyàwòránÌlú dáhùn:

Layer kan tó kún bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bíi MB 54 nínú ìrántí ẹ̀rọ. Ogójì layer ti sún mọ́ GB 2.2, kí Android tó gba tiẹ̀. Ẹ ya sketch ní ìdajì ìwọ̀n, pixel 2588 × 1313, orí tábúlẹ́ẹ̀tì á gbé ìyẹn láìmí gúlegúle. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ẹ gbé e bọ́ sórí lapitọ́ọ̀bù, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí ìlọ́po méjì, ẹ wá fa ìlà tuntun lé e lórí kí ẹ tó kùn ún. Ẹ má fẹ àwòrán tí ẹ ti kùn tán, etí rẹ̀ á máa rí bí owú.

Nígbà kíkùn, layer 8 tó: ìlà, ẹ̀dá-ìtàn, òjìji wọn, ohun iwájú, ohun ẹ̀yìn, òjìji ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀, àti èyí tó ní àmì 0.5 ínǹṣì tí ẹ máa pa kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ tọ́jú fáìlì tuntun ní orúkọ tuntun lójoojúmọ́ (sp07_v3, sp07_v4), ẹ̀dà kan lórí fláàṣì, ọ̀kan lórí Google Drive. Tí iná bá lọ níbi tí fáìlì ti ń wọlé, èyí tó ń wọlé yẹn ló máa ń bàjẹ́, ti àná á ṣì wà.